Àwọn Tí Ẹbí Kò Wá Mú Relé

Ní oṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Wọ́n fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó jẹ́rìí. Ó jẹ́rìí fún gbogbo ìjọ pé nígbà tí orí àbúrò òun dàrú láyé ọjọ́sí, òun nìkan lòun dúró tì í, òun lòun tọ́jú rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Ìjọ ṣe àmín. Èmi ni àbúrò náà. Ìlà kẹta ni mo jókòó sí, mo sì ṣe àmín pẹ̀lú wọn, torí pé wọ́n kọ́ mi nílé pé èèyàn kì í da ìrẹsì ọlọ́jọ́ìbí nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo wá bírò.

Ìwọ tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ọpọlọ rẹ ń ṣàìsàn, ìwọ ni mò ń kọ èyí sí, àti ìwọ tí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún nípa ọmọ rẹ tàbí ìyá rẹ. Àǹtí Dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n mi, náà lè kà á bí ojú wọn bá ṣì ń ríran.

Ọmọ ọdún márùndínlógójì ni mí nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Odogbolu. Ọkọ mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú, ọmọ kan ṣoṣo tí a bí, Bọ́sẹ̀, sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Oorun ló kọ́kọ́ fi mí sílẹ̀. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ níbẹ̀ ni pé kò rẹ̀ mí. Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ni mò ń ṣe. Mo máa ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, màá tún un máàkì, màá tún wá yíńkì àwọ̀ mìíràn kí n fi máàkì rẹ̀ nígbà kẹta. Lẹ́yìn náà ni mo ṣàkíyèsí pé ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò ń wúkọ́ sí mi. Mo kọjú rédíò náà sí ògiri. Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan ti yí padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ní, “Màámi, ẹ ti fọ ife yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin.” Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀. Bí ọmọdé bá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ, má ṣe lé e lọ kàwé.

Nígbà tó ṣe, mo wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan, mo kọ ẹ̀yìn sí àwọn ọmọ, mo sì ń bá àwòrán ilẹ̀ Nàìjíríà tó wà lára ògiri sọ̀rọ̀ títí aago fi lù. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa kò pe ẹnì kankan nínú ẹbí mi. Ìwé ló kọ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n yọ orúkọ mi kúrò. Ó ti kú báyìí. Mi ò lọ síbi ìsìnkú rẹ̀.

Ẹbí pé jọ. Ẹnìkan ní ẹbí ọkọ mi ló fi mí ṣe é. Òmíràn ní ìwé ni mo kà jù. Àǹtí Dúpẹ́ ní kò sóhun tí àdúrà kò lè ṣe, wọ́n sì mú mi lọ sí ilé àdúrà kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo lò níbẹ̀. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè mí ní ẹsẹ̀ mọ́ òpó, wòlíì sì máa ń fi ìgbálẹ̀ na ẹ̀mí àìmọ́ náà ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀yìn mi ni ẹ̀mí àìmọ́ náà ń gbé, bí ẹ bá wo àpá. Mi ò sọ pé àdúrà kò dára. Mò ń gbàdúrà lónìí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó ní ibà kì í ti ọwọ́ wòlíì gba ẹgba.

Ìyá ọkọ mi ló gbà mí sílẹ̀. Mùsùlùmí ni wọ́n, oníṣòwò aṣọ ni wọ́n, wọn kò sì mọ ìwé kà rárá. Wọ́n dé ilé àdúrà náà lọ́jọ́ kan, wọ́n wo ẹ̀wọ̀n, wọ́n wo ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì kọjú sí Àǹtí Dúpẹ́. “Ẹ̀yin tí ẹ kàwé,” wọ́n ní, “ẹ̀yin ni ẹ kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn wà?” Lọ́jọ́ kejì, wọ́n gbé mi wọ ọkọ̀.

Ilé ìwòsàn ọpọlọ àtijọ́ ni wọ́n gbé mi lọ, ó jìnnà sí Ìjẹ̀bú. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kí àwọn òyìnbó tó lọ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn ló ní, páànù pupa, àti àwọn igi máńgòrò tó dàgbà ju gbogbo dókítà tó wà níbẹ̀ lọ. A gba káàdì, a jókòó sórí bẹ́ńṣì láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yí. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní òun lòun ni bẹ́ńṣì náà, ó sì ní kí a san owó ilẹ̀. Ìyá ọkọ mi bu ẹ̀pà díẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́, ó ní a lè jókòó títí di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó kàn mí, dókítà náà, ọmọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, béèrè bóyá mo máa ń gbọ́ ohùn tí àwọn ẹlòmíràn kò gbọ́.

“Ohùn yín nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu,” mo ní.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó dá mi dúró sílé ìwòsàn.

Má bẹ̀rù oògùn, ṣùgbọ́n má retí pé yóò dùn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, oorun ni mò ń sùn ṣáá. Lẹ́yìn náà, ahọ́n mi wúwo, itọ́ ń dà lẹ́nu mi, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé tíì kì í dé ẹnu mi tán. Mo rò pé bí màá ṣe wà títí ayé nìyẹn. Ṣùgbọ́n ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mo gbọ́ rédíò ní yàrá àwọn nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń kàròyìn wúkọ́, mo sì mọ̀ pé ikọ́ ara rẹ̀ ló ń wú. Mo jókòó, mo sunkún. Ìyá ọkọ mi wà láyé láti gbọ́ pé ara mi ń yá. Wọn kò wà láyé láti wá mú mi relé. Ibẹ̀ ni ìyà mi kejì ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni adùn mi.

Mo mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹ láti gbà pé adùn wà níbẹ̀. Èmi náà kì í sọ ọ́ fún èèyàn. Aago á lù láàárọ̀, a ó tò láti wẹ̀, a ó tò láti gba oògùn, nọ́ọ̀sì á ní kí a la ẹnu kó rí i pé a gbé e mì. Ògì àti àkàrà. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di yàrá iṣẹ́ ọwọ́. Àwọn kan ń hun apẹ̀rẹ̀, àwọn kan ń rán aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, àwọn tó bá wù ń lọ ro oko ilá lẹ́yìn ilé. Mo hun apẹ̀rẹ̀ tí ìdí rẹ̀ kò lè dúró lórí ilẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi bí ẹni gba wúrà, wọ́n gbé e sórí fèrèsé. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó yìn mí fún ohunkóhun.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni eré. Bí aago mẹ́rin bá lù, kò sẹ́ni tó ń ṣàìsàn mọ́. Wọ́n á gbé lúdò, ayò àti dráàfù jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gbé ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù wá sí gbọ̀ngàn ìjẹun, àwọn ọkùnrin á wá láti ọ̀dọ̀ tiwọn, a ó jó. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ réluwé rí máa ń tẹríba fún obìnrin kọ̀ọ̀kan kó tó bá a jó. Kò sọ̀rọ̀ rí lọ́jọ́ yòókù, àmọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, yóò ní, “Ẹ jọ̀wọ́, mà, ọkọ̀ ti fẹ́ lọ.” Mo ti lọ sí ijó púpọ̀ láti ìgbà náà. Mi ò tíì rí ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ṣẹ̀fíù ni ọ̀rẹ́ mi. Ará Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ó dàgbà jù mí lọ, aṣọ ló ń tà kó tó ṣàìsàn. Bí ó bá ń ta lúdò, olè ni.

“Ìyá Ṣẹ̀fíù, mẹ́ta lẹ ta. Ẹ rin márùn-ún.”

“Tíṣà, ta ló ní kẹ́ ẹ máa kà á?”

“Lúdò ni. Kíkà ni wọ́n ń kà á.”

“Wọ́n gbé mi wá síbí nítorí pé orí mi ò pé, ẹ tún fẹ́ kí ìṣirò mi pé. Ẹ ta tiyín.”

Nọ́ọ̀sì Ajíkẹ́ ló wà nídìí eré. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, fèrè rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn. Ó gbọ́ pé mo ti gbá nẹ́tíbọ́ọ̀lù rí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, bọ́ọ̀lù tí àwọn obìnrin máa ń jù sínú àwọ̀n lórí òpó. Ó mú mi lọ sí pápá. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ bà mí láyà, mo ṣubú. “Ọwọ́ mi ń gbọ̀n,” mo ní. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n lára bọ́ọ̀lù.” Lójoojúmọ́ ni mò ń jù ú. Nígbà tó yá, ife tíì mi ń dé ẹnu mi tán.

A di ẹgbẹ́ tó dára. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ bá ti yá nílé ìwòsàn yẹn, ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn tí ẹbí ń wá wò máa ń lọ kí wọ́n tó mọ bọ́ọ̀lù gbá. Àwọn tó kù sí pápá, tí ọwọ́ wọn ti mọ́ra, tí wọ́n mọ ibi tí ẹnìkejì yóò sá sí láìwò, ni àwọn tí ẹnikẹ́ni kò wá mú.

Dókítà sọ fún mi pé ara mi ti yá, kí ẹbí mi wá. Mo kọ lẹ́tà sí Àǹtí Dúpẹ́, torí pé ọ̀dọ̀ wọn ni Bọ́sẹ̀ wà. Mo kọ ìkejì. Mo kọ ìkarùn-ún. Níkẹyìn, ilé ìwòsàn rán òṣìṣẹ́ kan lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti wá wọn kàn. Nígbà tó padà dé, kò lè wò mí lójú.

“Wọ́n ní àbúrò àwọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù,” ó ní. “Wọ́n ní àwọn ò ní ẹnì kankan ní ọ̀dọ̀ wa.”

Bí mo ṣe di ará Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo mọ ohun tó fà á. Wọ́n lè dárí ji olè nílẹ̀ wa bí ó bá kọ́lé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbọ́ pé wèrè wà nínú ìdílé kan, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn yóò wábi gbà. Àǹtí Dúpẹ́ ní ọmọbìnrin mẹ́ta. Mo mọ ìdí rẹ̀. Mi ò tíì gbà á títí di òní.

Oṣù mẹ́jọ ni mo lò níbẹ̀ lẹ́yìn tí ara mi ti yá. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé ni pé kí Bọ́sẹ̀ mọ̀ pé mi ò fi òun sílẹ̀ lọ sókè òkun.

Nígbà náà ni Nọ́ọ̀sì Ajíkẹ́ pè wá jọ pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan fẹ́ bá wa gbá bọ́ọ̀lù ọ̀rẹ́. Ó dárúkọ rẹ̀. Ìjẹ̀bú-Òde ló wà, ìyá ọkọ mi sì ti sọ fún mi kí wọ́n tó kú pé ibẹ̀ ni Bọ́sẹ̀ yóò ti wọ kíláàsì àkọ́kọ́. Ìyá Ṣẹ̀fíù, tó máa ń dúró ti òpó wa, wò mí. Òun nìkan ló mọ̀ pé ọmọ mi wà níbẹ̀.

“Ẹ má sọ fún wọn o,” ó ní nígbà tó ku àwa méjì. “Bí ẹ bá sọ, wọ́n á ní ọkàn yín ò ní balẹ̀, wọ́n á fi yín sílẹ̀. Ẹ máa ju bọ́ọ̀lù yín.”

Mo ju bọ́ọ̀lù bí ẹni tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ilé ìwòsàn gbé wa wọ Ìjẹ̀bú-Òde ní ọ̀sán gangan. Mo rí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti máa ń ra bàtà Bọ́sẹ̀. Ní ilé ẹ̀kọ́ náà, àwọn ọmọ ti yí pápá ká, wọ́n sì jìnnà sí ìlà pápá. Olórí ẹgbẹ́ wọn kò fẹ́ bọ̀ wá lọ́wọ́. Ìyá Ṣẹ̀fíù na ọwọ́ sí i, ó ní, “Bọ̀ mí lọ́wọ́, ọmọ mi, kì í ràn. Bó bá ń ràn ni, àwọn nọ́ọ̀sì wa ì bá ti máa bá wa tò.” Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín. Ara wọn balẹ̀, a bẹ̀rẹ̀.

Mi ò rí Bọ́sẹ̀. Mo ju bọ́ọ̀lù mẹ́fà sáwọ̀n, mò ń wo ojú àwọn ọmọ kéékèèké tó jókòó sórí koríko, gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà. Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ kíláàsì àkọ́kọ́ gbé ọsàn tí wọ́n ti bó wá fún wa nínú abọ́. Èyí tó wá sọ́dọ̀ mi kúnlẹ̀, ó na abọ́ sókè, kò gbójú sókè. Ó ti ga. Mo mọ àárín orí rẹ̀, níbi tí mo ti máa ń la irun rẹ̀.

“Bọ́sẹ̀,” mo ní.

Ó gbójú sókè. Ó wo aṣọ ilé ìwòsàn tí mo wọ̀, ó wo ojú mi.

“Àǹtí ní ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù.”

“Mi ò dé Lọ́ńdọ̀nù rí. Ara mi ni kò yá.”

“Ṣé ó ti yá?”

“Ó ti pẹ́ tó ti yá.”

“Kí ló dé tí ẹ ò wálé?”

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ilé ẹni tó ń bọ́ ọ ni yóò padà sí. Mo ní, “Wọn ò tíì wá mú mi.”

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń pè é. Ọ̀kan bi í, “Bọ́sẹ̀, kí ni wèrè yẹn ń bá ẹ sọ?” Ó dìde. Ẹ̀rù bà mí ju ti ilé àdúrà lọ, torí pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni yóò sì máa bá gbé. Bọ́sẹ̀ gbé abọ́ ọsàn náà sílẹ̀ lórí koríko. Ó ní, “Màmá mi ni.” Kò pariwo. Ó jókòó tì mí, ó mú ọsàn kan nínú ti àlejò, ó ń mu ún.

Wọ́n nà wá lọ́jọ́ náà. Ìyá Ṣẹ̀fíù ní ẹni tó ń fọn fèrè jọ wòlíì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ti mọ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Àǹtí Dúpẹ́ wá sí ilé ìwòsàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọn kò kí mi. “O ti bà wá lórúkọ jẹ́,” wọ́n ní. “O wọ ṣòkòtò péńpé láàárín ìgboro.” Mo ní síkẹ́ẹ̀tì ni. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà lórí ìdúró, nítorí pé kò sí ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ mọ́. Ìtọ́jú tí wọ́n tọ́jú mi nìyẹn. Ìbuwọ́lù kan ṣoṣo ni.

Ìyá Ṣẹ̀fíù sìn mí dé ẹnu géètì. Kò sunkún. Ó ní, “Ta ni yóò máa wá ka lúdò fún mi báyìí?” Mo rí iṣẹ́ olùkọ́ mìíràn, mo gba ilé sí Ijagun, èmi àti Bọ́sẹ̀. Oṣooṣù ni mò ń padà lọ gba oògùn, oṣooṣù ni mò ń bá Ìyá Ṣẹ̀fíù níbẹ̀, ara rẹ̀ le koko, ó dúró ti òpó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti kó lọ, wọn kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀. Ní ọdún kejì, mo wọ ọ́fíìsì lọ, mo ní mo fẹ́ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.

“Kí lẹ jẹ́ sí wọn?” akọ̀wé béèrè.

“Àbúrò wọn ni mí.”

Ó wo káàdì, ó wò mí. “Mùsùlùmí ni wọ́n. Orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ̀ ń jẹ́.”

“Ìjẹ̀bú ni wá. Ilé wo lẹ mọ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí ẹ̀sìn méjèèjì kò sí?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sún ìwé sí mi. Ọdún mọ́kànlá ni Ìyá Ṣẹ̀fíù lò lọ́dọ̀ mi. Ó ń ta aṣọ níwájú ilé, ó kọ́ Bọ́sẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ná ọjà àti bí wọ́n ṣe ń jí ìṣísẹ̀ lúdò. Nígbà tó kú, àwọn ará mọ́ṣáláṣí àdúgbò bá wa sin ín lọ́jọ́ náà gan-an.

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin báyìí. Hóró oògùn kan ni mò ń lò ní ìrọ̀lẹ́. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni mo dá a dúró, nígbà tí pásítọ̀ kan ní ìgbàgbọ́ mi ni kò tó. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, mo tún padà sórí bẹ́ńṣì. Má ṣe dá a dúró fún ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n mò ń sùn. Bọ́sẹ̀ ti ní ọmọ tirẹ̀. Nígbà mìíràn, bí aago mẹ́rin bá lù, ara mi a máa dìde fúnra rẹ̀ láti jáde lọ sí pápá, mo sì máa ń jẹ́ kó dìde.

Ìwọ tó ń ṣàìsàn, lọ sí ilé ìwòsàn láìpẹ́, kí o sì mọ ẹni tí yóò wá mú ọ kí o tó wọlé. Ìwọ tó ní ẹnìkan níbẹ̀, tí o ti sọ fún ará àdúgbò pé ó rìnrìn àjò, ara rẹ̀ lè ti yá láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lè jẹ́ pé òun ló mọ bọ́ọ̀lù gbá jù níbẹ̀. Lọ fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.